Conda, Docker àbí Apptainer? Ìfiwéra fún ẹni tó ń túpalẹ̀ jínómù láti Ilé-Ifẹ̀

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Conda, Docker àti Apptainer ni irinṣẹ́ tó ń ti ẹ̀yà sọ́fítíwià mọ́lẹ̀ kí iṣẹ́ má baà yí láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn; Docker àti Apptainer ń di sọ́fítíwià pọ̀ mọ́ Linux tó yí i ká, ìdì yẹn là ń pè ní kọ̀nténà. Kọ̀ǹpútà tí ẹ fẹ́ fi ṣiṣẹ́, àti èyí tí ẹlòmíràn máa fi tún un ṣe, ló yẹ kí ẹ wò kí ẹ tó mú irinṣẹ́ kankan. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tó wà nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tí iná kì í lọ mọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n kọ ọ́ fún. A kọ tiwa fún akẹ́kọ̀ọ́ másítà tàbí dókítọ́réètì ní OAU, tó ní láptọ́ọ̀pù Windows oní-RAM 8 GB, tó ń ra dátà sórí fóònù, tí súpáfáísọ̀ rẹ̀ sì fẹ́ kí alábàáṣiṣẹ́ wọn ní Ẹdẹ, ní Ìbàdàn tàbí lókè òkun tẹ script kan náà (àkọsílẹ̀ àwọn àṣẹ fún kọ̀ǹpútà) kó sì rí iye kan náà.

Kòkòrò ibà la ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù. Jínómù *Plasmodium falciparum* 3D7 kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 23 lẹ́tà lọ, lórí krómósómù 14, láptọ́ọ̀pù 8 GB sì lè gbé e. Ti ènìyàn lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta. Kí STAR, irinṣẹ́ tó ń to RNA lé jínómù lórí, tó lè lò ó, ó ń fẹ́ RAM bí 30 GB, bẹ́ẹ̀ kò sí àrékérekè kankan tí ẹ lè fi ṣe é lórí 8.

Ibi tí ìyàtọ̀ ti ń wá

Ẹ̀yà sọ́fítíwià ló wọ́pọ̀ jù. Nígbà tí R 3.6.0 (R ni èdè kọ̀ǹpútà fún ìṣirò dátà) jáde ní 2019, wọ́n yí ọ̀nà tí `sample()` fi ń ṣa nọ́ńbà padà. Script tó ní `set.seed(42)` nínú, èyí tó yẹ kó jẹ́ kí nọ́ńbà kan náà jáde nígbà gbogbo, á mú èsì kan wá lórí R 3.5, á mú òmíràn wá lórí 3.6, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan lẹ́tà kan nínú rẹ̀. Ẹni tó kọ "a lo R" sínú tíísíìsì láìkọ nọ́ńbà ẹ̀yà kò tíì sọ nǹkan kan.

Lẹ́yìn èyí ni jínómù atọ́ka, ìyẹn èyí tí a ń to àwọn read (ègé DNA kéékèèké tí ẹ̀rọ kà) lé lórí. Fún ènìyàn, GRCh37 jáde ní 2009, GRCh38 ní 2013, nọ́ńbà ipò lórí ọ̀kan kì í ṣe ti èkejì. Ìyẹn ṣì rọrùn láti rí. Èyí tó burú ni fáìlì méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà: hg19 (orúkọ tí dátábéèsì UCSC fún GRCh37) tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní chrM, ìyẹn DNA mitochondria, tó gùn ní lẹ́tà 16,571, bẹ́ẹ̀ rCRS, atọ́ka tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí mitochondria ń lò jẹ́ 16,569. Ipò tí ẹ kọ sílẹ̀ lórí ọ̀kan á yẹ̀ lórí èkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni fáìlì kan á máa pe krómósómù àkọ́kọ́ ní `chr1`, tí òmíràn á máa pè é ní `1`. Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ ò ní pariwo bí ẹ bá pa wọ́n pọ̀, wọ́n á ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ tán, wọ́n á sì gbé òfo lé yín lọ́wọ́. Ti kòkòrò ibà tẹ́ ẹ bá gbà láti PlasmoDB (dátábéèsì kòkòrò ibà), orúkọ krómósómù á rí báyìí: `Pf3D7_01_v3`, nọ́ńbà ìtẹ̀jáde á sì wà lára orúkọ fáìlì. Ẹ má yọ nọ́ńbà yẹn kúrò nítorí pé ó gùn.

Dátábéèsì náà ń yí. Ẹni tó ń ṣe SARS-CoV-2 mọ èyí dáadáa: jínómù kan náà tí pangolin, irinṣẹ́ tó ń pín kòkòrò yẹn sí ìran-ìran, pè ní ìran kan lónìí, ó lè pè é ní òmíràn lóṣù mẹ́fà sí i, nítorí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ti pín ìran náà sí wẹ́wẹ́. Ẹ tẹ `pangolin --all-versions` kí ẹ sì fi ohun tó bá kọ jáde pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì.

Iye thread (iye iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) ni èyí tí àwọn ènìyàn kì í fura sí. `bwa mem`, irinṣẹ́ tó ń to read lé jínómù lórí, ń ka read ní ìdìpọ̀-ìdìpọ̀, ó sì ń fi ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan díwọ̀n bí ègé DNA ṣe gùn tó. Bí thread bá pọ̀ sí i, ìdìpọ̀ á tóbi sí i, ìdíwọ̀n náà á sún díẹ̀, àwọn read kan á sì bọ́ síbòmíràn. Nítorí náà, ẹni tó lo `-t 4` ní Ifẹ̀ àti ẹni tó lo `-t 16` lórí sáfà kò ní rí BAM (fáìlì read tí a ti tò) kan náà gẹ́lẹ́. Ẹ fi `-K 100000000` sí àṣẹ náà, ìdìpọ̀ á dúró sójú kan, thread yòówù kí ẹ lò. Conda ò lè bá yín ṣe èyí, kọ̀nténà náà ò lè ṣe é. Inú script ló gbọ́dọ̀ wà.

Excel ńkọ́? Ó máa ń sọ àbùdá SEPT2 di ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án. Ìwádìí tó jáde ní 2016 rí i pé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn àpilẹ̀kọ tó so àkójọ àbùdá oní-Excel mọ́ra ló ní irú àṣìṣe yìí. Ní 2020, ìgbìmọ̀ tó ń sọ àbùdá ènìyàn lórúkọ kúkú yí orúkọ wọn padà sí SEPTIN2, MARCHF1 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Fáìlì tó ti dàgbà ṣì ní ti àtijọ́ nínú, nítorí náà ẹ fi èsì sílẹ̀ ní TSV (fáìlì ọ̀rọ̀ lásán).

Mẹ́ta tó ń ti sọ́fítíwià mọ́lẹ̀

| | Conda | Docker | Apptainer |
|---|---|---|---|
| Ṣé ó ń fẹ́ àṣẹ root (alákòóso ẹ̀rọ)? | Rárá | Bẹ́ẹ̀ ni, lọ́pọ̀ ìgbà | Rárá, bí ẹ bá kàn fẹ́ lò ó |
| Kí ló ń tì pa? | Sọ́fítíwià nìkan | Sọ́fítíwià àti Linux tó yí i ká, àyàfi kernel (ọkàn Linux) | Bíi ti Docker |
| Gbígbé e lórí flash | Ó ṣòro díẹ̀ | `docker save`, fáìlì tar | Fáìlì `.sif` kan péré |
| Ibi tó ti ń da ni láàmú | Ìtò àwọn channel (ibi tí Conda ti ń gba sọ́fítíwià) | Àyè dísíìkì, tag tó ń yí | Fódà ilé yín tó ń yọ́ wọlé |

Bioconda, àkójọ sọ́fítíwià bàólọ́jì fún Conda, kò ṣiṣẹ́ lórí Windows tààrà, nítorí náà WSL2 (Linux tó ń ṣiṣẹ́ nínú Windows) lẹ ó kọ́kọ́ gbé sórí láptọ́ọ̀pù, irinṣẹ́ yòówù kí ẹ mú. WSL2 máa ń mú ìdajì RAM fúnra rẹ̀, ìyẹn 4 GB nínú 8. Ẹ lè kọ `memory=6GB` sábẹ́ `[wsl2]` nínú fáìlì `.wslconfig`, kí ẹ sì ti Chrome pa. Inú fódà Linux gan-an ni kí dátà wà, kó má ṣe wà ní `/mnt/c`, torí ibẹ̀ lọ́ra gan-an.

*Conda.* Miniforge, tó ń gbé Conda sórí kọ̀ǹpútà, ni kí ẹ gbà. Conda-forge ni yóò máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó wá fi bioconda kún un lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì sọ `channel_priority` di `strict`. Bí ìtò yìí bá dàrú, ẹ ó fi samtools (irinṣẹ́ fún fáìlì BAM) síbẹ̀ láìsí wàhálà, ẹ ó pè é, á sì dá yín lóhùn pé òun ò rí `libcrypto.so.1.0.0`. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í wá fáìlì yẹn káàkiri orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì fi `ln -s` pa irọ́ fún kọ̀ǹpútà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ pa environment náà (àyè tí Conda kó sọ́fítíwià iṣẹ́ kan sí) rẹ́, ẹ tún channel tò, ẹ dá a padà.

`environment.yml` tó sọ pé `samtools=1.19` kò tíì ti nǹkan pa tó bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn láíbìrì tó wà lábẹ́ samtools ṣì lè yí. Bí iṣẹ́ bá ti ń lọ dáadáa, ẹ tẹ:

`conda list --explicit --md5 > linux-64.txt`

Gbogbo package ni yóò jáde pẹ̀lú àdírẹ́sì rẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá tẹ `conda create -n iba --file linux-64.txt` á rí ohun kan náà, á sì yá, torí Conda kò ní jókòó máa ṣírò ohun tó bá ohun mu. Àbùkù rẹ̀ ni pé Linux nìkan ni fáìlì náà wúlò fún, ẹni tó ń lo Mac kò lè fi ṣe nǹkan kan. Ẹ fi àwọn méjèèjì sínú Git, tó ń tọ́jú ìtàn àyípadà fáìlì: yml kí ènìyàn lè kà, txt kí kọ̀ǹpútà lè tẹ̀ lé.

*Docker.* Òun ló ti ìlẹ̀kùn pa jù fún ẹni tó ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Àpilẹ̀kọ Nextflow (a ó dé orí rẹ̀ nísàlẹ̀) tó jáde ní 2017 fi hàn pé workflow kan náà, ìyẹn ìtò ìgbésẹ̀ iṣẹ́, dátà kan náà, mú èsì tó yàtọ̀ díẹ̀ wá lórí Mac àti lórí Linux, ìgbà tí wọ́n sì fi Docker dì í ni ìyàtọ̀ náà lọ. Àmọ́ sáfà tí ènìyàn púpọ̀ jọ ń lò kì í sábà gbà á láàyè, torí ẹni tó bá lè lo Docker fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí root lórí ẹ̀rọ náà.

Lórí láptọ́ọ̀pù Windows, dísíìkì ló máa kọ́kọ́ sunkún. Gbogbo image (fáìlì tí a di kọ̀nténà sí) ń wọ inú fáìlì vhdx kan tó ń wú, tí kì í sì í fọn bí ẹ tilẹ̀ pa image rẹ́. Ẹ wá wo tag, àmì tí a fi ń pe image: `latest` kì í ṣe ẹ̀yà, ohunkóhun tí wọ́n bá gbé síbẹ̀ kẹ́yìn ni. BioContainers, àkójọ kọ̀nténà fún bàólọ́jì, ń kọ nọ́ńbà kíkọ́ mọ́ ọn, bíi `quay.io/biocontainers/samtools:1.19.2--h50ea8bc_0`, ìyẹn sì dára. Èyí tó le jù ni kí ẹ fi `@sha256:` àti digest rẹ̀ (àmì ìdánimọ̀ tí a ṣírò láti inú image gan-an) pè é. Dockerfile, ìyẹn àkọsílẹ̀ bí a ṣe ń kọ́ image, nìkan kò tó láti fi ránṣẹ́ sí ènìyàn: `apt-get install` tí ẹ kọ síbẹ̀ lónìí á mú ohun mìíràn wá lọ́dún tó ń bọ̀. Image tí wọ́n ti kọ́ tán ni kí ẹ tọ́jú. Ẹ má sì gbàgbé `-u $(id -u):$(id -g)`, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ root ni yóò ni gbogbo èsì yín, ẹ ò sì ní lè pa á rẹ́.

*Apptainer.* Singularity ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, ó yí orúkọ padà ní 2021 nígbà tó bọ́ sábẹ́ Linux Foundation. Tí a bá ní kí ẹ mú ọ̀kan ṣoṣo fún iṣẹ́ tó máa kúrò ní Ifẹ̀ lọ síbòmíràn, òun la ó mú. Ó ń ka image Docker:

`apptainer pull samtools.sif docker://quay.io/biocontainers/samtools:1.19.2--h50ea8bc_0`

Fáìlì kan péré ló máa jáde. Ẹnì kan nínú láàbù á gbà á lẹ́ẹ̀kan, àwọn yòókù á fi flash dà á kọ, kò sí ẹni tó tún ń ná dátà sí i. Mẹ́ńbà tó ń gbé ní Iléṣà, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ń ṣe ségesège, á lò ó bíi ti ẹni tó wà ní kámpọ́ọ̀sì.

Ewu kan wà níbẹ̀ ṣá. Apptainer máa ń so fódà ilé yín mọ́ kọ̀nténà láìsọ fún yín. Package Python tí ẹ ti fi `pip install --user` gbé sí `~/.local` lọ́dún méjì sẹ́yìn á yọ́ wọlé, á sì bo èyí tó wà nínú kọ̀nténà mọ́lẹ̀. Lọ́dọ̀ yín gbogbo rẹ̀ á máa ṣiṣẹ́, tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn á kú, tàbí kó mú iye mìíràn wá, èyí tó burú ju ikú lọ. Ẹ fi `--containall` sí i, kí ẹ sì fi `-B` so fódà tí ẹ nílò nìkan. Cache rẹ̀ (ohun tó tọ́jú fún àtúnlò) ń kún fódà ilé lórí sáfà, `APPTAINER_CACHEDIR` lẹ ó fi darí rẹ̀ síbòmíràn.

Nígbà tí iná bá lọ láàárín iṣẹ́

Àwọn mẹ́ta tó wà lókè ń ti irinṣẹ́ mọ́lẹ̀, wọn kì í tọ́jú ìtò iṣẹ́. Fún ìyẹn, bash, Snakemake, Nextflow tàbí Galaxy ló wà.

Ẹ wo bash ná. Iná lọ, bátìrì kú nígbà tí `samtools sort` ti ṣe ìdajì. Nígbà tí iná dé, `sorted.bam` wà nílẹ̀. Script tó ń bèèrè pé "ṣé fáìlì yìí wà?" á ní bẹ́ẹ̀ ni, á sì fo ìgbésẹ̀ náà. BAM tó pé ní báìtì 28 kan ní ìparí tó ń sọ pé òun ti parí, `samtools quickcheck` ló sì ń wò ó. Kí script máa kọ sí `sorted.tmp.bam`, kó tó fi `mv` yí orúkọ rẹ̀ padà lẹ́yìn tó bá yege.

Quickcheck náà kò rí gbogbo nǹkan. Nínú `bwa mem ... | samtools sort ...`, bí RAM bá tán tí Linux sì pa bwa, samtools lè gba ìwọ̀nba tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó to ó, kó fi àmì ìparí sí i, kó sì lọ. BAM náà á yege, ìdajì read á sì ti sọnù. Bash kì í ka ikú bwa sí àṣìṣe, àyàfi tí `set -euo pipefail` bá wà lókè script. Ìlà kan yẹn ṣe pàtàkì ju ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n ń kọ́ ènìyàn lórí bash lọ. Ẹ tún fi `samtools flagstat` wo iye read, kí ẹ fi wé iye tó wà nínú FASTQ, fáìlì read bó ṣe ti ẹ̀rọ jáde.

Snakemake, tó wà láti 2012, ń ṣe èyí fúnra rẹ̀. Ó mọ fáìlì tí kò tíì parí. Tí iná bá lọ, tí ẹ tún pè é, á ní wọ́n ti ti fódà pa. Ẹ tẹ `snakemake --unlock`, lẹ́yìn náà `snakemake --rerun-incomplete`. Ẹni tó mọ Python díẹ̀ á kà á láìsí ìṣòro, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì lè ní environment Conda tirẹ̀. Láti ẹ̀yà 8, `--sdm conda` ló rọ́pò `--use-conda` tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìtọ́ni àtijọ́, nítorí náà ẹ kọ ẹ̀yà Snakemake náà sílẹ̀.

Nextflow ń fẹ́ Java 17 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní fódà tirẹ̀ nínú `work/`, `-resume` sì ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró. Àǹfààní rẹ̀ gan-an ni nf-core: àwọn workflow tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti dán wò, tí ẹ lè fi `-r` tì mọ́ ẹ̀yà kan. Ṣùgbọ́n ó jẹ dísíìkì, `work/` lè tóbi ju dátà yín lọ ní ìlọ́po. Ó tún ń wo ọjọ́ tó wà lára fáìlì. Bí ẹ bá da FASTQ kọ sórí dísíìkì mìíràn, `-resume` á bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lórí 8 GB, ẹ ó rí i pé "Process requirement exceeds available memory". `process.resourceLimits = [memory: 6.GB, cpus: 4]` á pa ẹnu rẹ̀ mọ́, kò sì ní dín ohun tí irinṣẹ́ ń jẹ kù: STAR lórí jínómù ènìyàn á kàn kú pẹ̀lú nọ́ńbà 137, ìyẹn ni pé wọ́n pa á torí RAM tán.

Galaxy ni a rò pé àwọn ènìyàn ń fojú kéré jù. Bráúsà lẹ ó fi lò ó, sáfà òkèèrè ló ń ṣiṣẹ́, iná tó lọ ní Modákẹ́kẹ́ kò kàn án. Ó ń kọ ẹ̀yà irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú history láìjẹ́ pé ẹ bèèrè. Bí dátà bá ti wà ní ENA tàbí SRA (àpamọ́ DNA fún gbogbo ayé), nọ́ńbà rẹ̀ nìkan lẹ ó tẹ̀, Galaxy á lọ gbà á fúnra rẹ̀ láìjẹ dátà fóònù yín. Tó bá jẹ́ FASTQ tiyín lẹ fẹ́ gbé lọ láti Ifẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn ni.

Fífi èsì méjì wé ara wọn

`md5sum`, tó ń ṣírò àmì ìdánimọ̀ fáìlì, lórí FASTQ tí ilé iṣẹ́ tó ka DNA fi ránṣẹ́: ẹ ṣe é lọ́jọ́ tó dé, ẹ fi wé tiwọn, ẹ tọ́jú rẹ̀. Lórí èsì, ó máa ń parọ́ pé nǹkan yàtọ̀. Gzip ń kọ àsìkò sínú fáìlì, àyàfi tí ẹ bá lo `gzip -n`. BAM ń kọ àṣẹ tí ẹ tẹ̀ àti ọ̀nà fódà yín sí orí rẹ̀, bcftools sì ń kọ déètì sí orí VCF, fáìlì tó ń to ìyàtọ̀ inú DNA. Ẹ yọ orí kúrò kí ẹ tó wé:

`samtools view a.bam | md5sum`
`bcftools view -H a.vcf.gz | md5sum`

Níbi tí `sort` bá ti wọ ọ̀rọ̀, `LC_ALL=C sort`, torí èdè tí wọ́n fi ṣètò kọ̀ǹpútà ń yí ìtò lẹ́tà padà. Nọ́ńbà oní-dẹ́símà láti R lè fi díẹ̀ yàtọ̀ ní ìparí rẹ̀ lórí ẹ̀rọ méjì, ẹ sọ iye dẹ́símà tí ẹ ó gbà ṣáájú.

Kí ni kí ẹ mú?

Tíísíìsì másítà lórí kòkòrò ibà, láptọ́ọ̀pù kan, ẹ̀yin nìkan: Snakemake pẹ̀lú Conda, `linux-64.txt`, Git. Docker Desktop kò pọn dandan, kò sì yẹ láptọ́ọ̀pù yẹn. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi tíísíìsì sílẹ̀, ẹ di environment náà sínú `.sif` kan, kí ẹ gbé òun àti script lọ sí Zenodo (àpamọ́ ìwádìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì) kí wọ́n lè ní DOI, nọ́ńbà tí a fi ń tọ́ka sí wọn. GitHub kì í gba fáìlì tó ju 100 MB lọ, ẹ má bá a jà.

Láàbù tó ń bá àwọn ara òkèèrè ṣe RNA-seq ènìyàn: Nextflow, nf-core, Apptainer, lórí sáfà. Ẹ gba workflow àti kọ̀nténà rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú `nf-core pipelines download` níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti dára, kí ẹ gbé e padà lórí dísíìkì.

Ẹni tí kò tíì mọ tẹ́míná, tí dátà rẹ̀ sì ti wà ní gbangba: Galaxy. Kó kọ́ bash lẹ́yìn.

Dátà ènìyàn ló ń béèrè ìṣọ́ra jù nínú gbogbo rẹ̀. Àṣẹ ìgbìmọ̀ ìwà ọmọlúwàbí àti òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 ló ń pinnu ibi tó lè dé, ẹ ò sì lè kó o sí Galaxy tàbí Zenodo nítorí pé ó rọrùn. H3Africa, iṣẹ́ ìwádìí jínómù ní Áfíríkà, fi tirẹ̀ sí EGA, àpamọ́ jínómù ènìyàn, níbi tí ẹni tó bá fẹ́ ẹ ti gbọ́dọ̀ tọrọ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ dán script yín wò kò ní lè dúró de ìyọ̀ǹda yẹn, nítorí náà ẹ fi dátà kékeré tí kì í ṣe ti ènìyàn kankan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá read láti inú 3D7 tó ti wà ní gbangba á tó fún èyí tó jẹ mọ́ ibà. Kí èsì tó yẹ kó jáde wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kí gbogbo rẹ̀ sì parí láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún lórí 4 GB.